Wọ́n ń fi káàdì mi ra ohun tí mi ò mọ̀, ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì Aránṣọ · Ọjọ́ Ẹtì, 11:08 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oorun ò kùn mí rárá. Lọ́jọ́ Ajé, mo ra àlùmọ́gàjí kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, irú èyí tí a fi ń ran síìpù tí kì í hàn síta, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí ìpolówó rẹ̀ ń yọ sí mi lójú ṣáá lórí Facebook. Òkè òkun ni wọ́n ní àwọn wà. ₦18,360 ni. Mo kọ nọ́ńbà iwájú káàdì ATM mi, mo kọ oṣù àti ọdún tó máa kú, mo kọ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò béèrè PIN, wọn ò ní kí n dúró de OTP, kóòdù tí báǹkì máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Inú mi tiẹ̀ dùn pé wọn ò yọ mí lẹ́nu.

Lánàá, ₦1,530 lọ. Mo ní bóyá owó tí báǹkì máa ń yọ ni, torí kò sí ohun tí wọn kì í yọ owó lé lórí. Lálẹ́ yìí, ní 10:40, ₦45,900. Kí n tó rí gíláàsì mi, ₦45,900 mìíràn.

₦212,000 ló kù níbẹ̀, kì í sì í ṣe tèmi. Owó aṣọ ẹbí oníbàárà ni, mo fẹ́ fi lọ ra léèsì ní Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ń pe nọ́ńbà báǹkì látìgbà yẹn, orin ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ṣé kí n dúró kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́ ni, àbí kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá · 11:11 alẹ́

Mọ̀mí, ẹ fi orin yẹn sílẹ̀. Ẹ ṣí áàpù báǹkì yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Cards" sí, ẹ wo "Block" tàbí "Freeze", ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ jẹ́ ká gbọ́.

Bàbá Afẹ̀yìntì · 11:14 alẹ́

Kọ́kọ́ kó owó yẹn kúrò níbẹ̀, ìyàwó wa. Fi ránṣẹ́ sí ẹni tí o fọkàn tán. Olè tó bá wọlé tí kò bá nǹkan kan nílé, á jáde ni.

Ọmọ Mọ́kọ́lá · 11:16 alẹ́

Bàbá, mi ò bá yín jiyàn, àmọ́ ẹ wò ó. Kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́, wọ́n á kọ nọ́ńbà àkáǹtì, wọ́n á dúró kí orúkọ jáde, wọ́n á tẹ PIN, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì máa yí. Láàárín ìyẹn, ₦45,900 lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Káàdì ló ń jò, òun ni ká kọ́kọ́ dí. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá kówó.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà · 11:17 alẹ́

Ọ̀pọ̀ báǹkì ló ní kóòdù tí a fi ń ti àkáǹtì pa láti orí fóònù èyíkéyìí, 911 ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa yọ kọ́bọ̀ mọ́. Wàhálà tán.

Ìyá Tòmíwá · 11:24 alẹ́

Wàhálà ò tán o. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ Ẹtì bí irú èyí, olè já fóònù mi gbà ní Ṣángo. Mo yá fóònù ọmọ kan, mo tẹ kóòdù yẹn, wọ́n ti àkáǹtì mi pa. Ó dáa. Àṣé kì í ṣe káàdì nìkan ló ń tì, odindi àkáǹtì ni. Owó ń wọlé, kò lè jáde. Áàpù ò jẹ́, POS ò jẹ́. Láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé, owó mi wà ní báǹkì, èmi ń yá ₦5,000 lọ́wọ́ aládùúgbò ra gáàsì. Ẹni tó dá mi lóhùn lórí fóònù ní kò sí bí òun ṣe lè ṣí i, àfi kí n fẹsẹ̀ ara mi lọ sí báǹkì pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀. Mo débẹ̀, ogún èèyàn ló wà níwájú mi.

Tó bá jẹ́ fóònù tàbí SIM ló sọnù, tí olè lè wọ inú áàpù yín, kóòdù yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má fi falẹ̀. Ti Ìyá Ìbejì kọ́ nìyẹn. Fóònù wọn wà lọ́wọ́ wọn, nọ́ńbà káàdì ni wọ́n jí.

Ó ku kékeré kan: kóòdù báǹkì, ₦6.98 ni wọ́n ń yọ lé e, orí airtime ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́ báyìí, kì í ṣe inú àkáǹtì mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ₦7 wọ́n yín lórí ìlà lóru.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ · 11:36 alẹ́

Mo ti rí i. Áàpù kọ́kọ́ yí títí, ó tún béèrè password tí mo ti gbàgbé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. 11:31 ni wọ́n kọ ọ́ pé káàdì ti di títìpa. 11:33, ₦45,900 kẹta dé, àmọ́ "declined" ni wọ́n kọ sí i. Mo sunkún, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fi ₦200,000 ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ₦12,000 ló ṣẹ́ kù.

Bàbá Afẹ̀yìntì · 11:39 alẹ́

Ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ọmọ Mọ́kọ́lá, o jàre.

Olùgbàlà Owó · 11:47 alẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú ma. Ohun tó ṣe yín yìí gan-an ló ṣe mí, ₦380,000 ni tèmi. Ọ̀gá kan ló bá mi gbà á padà láàárín wákàtí méjì, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú ẹ̀rọ báǹkì. Owó ìwé díẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp: [Alákòóso ti pa nọ́ńbà yìí rẹ́]

Alákòóso · 11:52 alẹ́

Ẹni òkè yìí, 11:41 alẹ́ yìí ló forúkọ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ́yìn náà ló rí ẹni tó fẹ́ gbà là. A ti lé e. A fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ owó ní kọ̀rọ̀.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:50 àárọ̀

Mọ̀mí, ẹ dárí jì mí kí n tó béèrè. Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ ò fún ẹnikẹ́ni ní OTP? Ohun tí mo mọ̀ ni pé káàdì Nàìjíríà kì í lọ láìsí OTP. Tó bá sì jẹ́ ìkànnì tó ní àmì àgádágodo lókè lẹ ti rà á, kò yẹ kí irú èyí ṣẹlẹ̀.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ · 7:02 àárọ̀

Mi ò fún ẹnì kankan. OTP kankan ò tiẹ̀ wọlé tí mi ò bá fi fúnni.

Akọ̀wé Tẹ́lẹ̀rí · 7:40 àárọ̀

Ìyá Ìbejì ò parọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn káàdì ní báǹkì kan, mi ò sí níbẹ̀ mọ́, irú èyí ló sì máa ń kún orí tábìlì mi. Tí ẹ bá rajà ní ìkànnì tó wà ní Nàìjíríà, wọ́n á béèrè PIN tàbí OTP, nígbà míì méjèèjì. Lókè òkun, ọ̀pọ̀ olùtajà kì í béèrè. Nọ́ńbà káàdì, ọjọ́ tó máa kú àti CVV, nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ti tó wọn. Ìdí nìyẹn tí olè fi ń gbé nọ́ńbà tó bá jí lọ síbẹ̀.

Ẹ wo iye owó yẹn dáadáa. Tí ₦1,530 bá jẹ́ dọ́là kan, ₦45,900 jẹ́ ọgbọ̀n dọ́là géérégé, owó ṣọ́ọ̀bù yẹn sì jẹ́ dọ́là méjìlá. Ẹ rí i pé kò ṣẹ́kù, kò lé. Dọ́là kan yẹn, wọ́n fi tọ́ ọ wò ni. Wọn ò wá owó níbẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá káàdì náà ṣì wà láàyè. Ọjọ́ tí ẹ bá rí irú owó wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá orúkọ tí ẹ ò mọ̀, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ ti káàdì pa, ẹ má ṣe sọ pé owó báǹkì ni.

Òpin 2022 ni ọ̀pọ̀ báǹkì dí káàdì náírà lọ́nà òkè òkun nítorí ọ̀wọ́n dọ́là. Ní 2025 àwọn kan tún ṣí i. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí, olè ló kọ́kọ́ mọ̀.

Ó ku ti gbígbà padà. Ẹ̀sùn méjì lẹ ní, ẹ má pò wọ́n pọ̀. ₦1,530 àti ₦45,900 méjì, ẹ ò mọ nǹkan kan nípa wọn. ₦18,360, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín san án, ọjà ni kò tíì dé. Tí ẹ bá lọ sọ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni olè yọ, olùtajà á gbé orúkọ yín àti àdírẹ́sì ilé yín jáde pé ẹ̀yin lẹ rà á, báǹkì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fojú òpùrọ́ wo mẹ́ta tó kù. Mo ti rí i kó ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ fi í-meèlì ránṣẹ́ lónìí, ẹ má dúró di ọjọ́ Ajé, kí ọjọ́ àti wákàtí lè wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ iye owó, aago tó lọ, orúkọ tó bá aláàtì kọ̀ọ̀kan wá, àti 11:31 tí ẹ ti káàdì pa. Ẹ ní "chargeback" lẹ fẹ́, ìyẹn ni kí báǹkì gba owó yín padà lọ́wọ́ ẹni tó yọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nìyẹn, ẹ bá wọn pè é bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má fi "ẹ jẹ́ ká bá yín wò ó" dá yín dúró. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Àyè tí Visa àti Mastercard sábà máa ń fi sílẹ̀ jẹ́ 120 ọjọ́, ṣùgbọ́n báǹkì lè ní tirẹ̀ tó kúrú ju ìyẹn lọ. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ kó gbogbo ìwé yẹn ránṣẹ́ sí CBN, cpd@cbn.gov.ng. Wọn kì í gba ẹjọ́ ẹni tí kò tíì kọ́kọ́ lọ bá báǹkì rẹ̀, ohun tí nọ́ńbà ẹ̀sùn wà fún nìyẹn.

Ará Peckham · 8:05 àárọ̀

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Lọ́dọ̀ wa ní London níbí, tí o bá sọ fún báǹkì pé ìwọ kọ́ lo fọwọ́ sí owó kan, òfin 2017 ní kí wọ́n dá a padà kí ọjọ́ iṣẹ́ kejì tó parí, àfi tí wọ́n bá fura pé ìwọ gan-an lo ń ṣe jìbìtì. Ó ṣe mí rí, £64, ọjọ́ kejì ló padà wọlé.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà, nípa àgádágodo yẹn. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹni tó ń kọjá lọ́nà ò lè ka ohun tí ò ń kọ ránṣẹ́. Kò ní ẹni tó gbà á kì í ṣe olè. Ìkànnì gbájúẹ̀ náà ń ní àgádágodo, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń rí i gbà. Ká tiẹ̀ ní ilé iṣẹ́ gidi ni: ní 2018, àwọn ọ̀daràn há ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan sínú ìkànnì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú British Airways, ó ń da nọ́ńbà káàdì àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kọ ránṣẹ́ síbòmíràn, àgádágodo sì wà lókè digbí. 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n bù fún ilé iṣẹ́ náà ní ìtanràn ní 2020. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn, kò sí ohun tí ojú rẹ̀ lè rí tí ì bá fi mọ̀.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà · 8:13 àárọ̀

Mo gbà, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mọ̀mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ má fi "ọjọ́ kejì" yẹn mú wa lọ́kàn le o. Òfin yín ò rékọjá òkun.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ · 9:02 àárọ̀

Ẹ tún gbà mí. Láàárọ̀ kùtù, mo kọ ẹ̀sùn mi sójú ewé báǹkì lórí Facebook, mo fi nọ́ńbà fóònù mi síbẹ̀ kí wọ́n lè tètè pè mí. 8:20, ọkùnrin kan pè. Ó pe orúkọ mi, ó ka nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ lórí káàdì mi, kò ṣì í. Ohùn rẹ̀ tutù bíi ti pásítọ̀. Ó ní àwọn ti rí owó náà níbi tó há sí, pé kóòdù kan á wọlé, kí n kà á fún òun kí wọ́n lè dá a padà. Kóòdù wọlé lóòótọ́, nọ́ńbà mẹ́fà. Mo ti ka mẹ́rin kí Bàbá Ìbejì tó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. Ṣé mẹ́rin yẹn lè ṣe nǹkan kan?

Akọ̀wé Tẹ́lẹ̀rí · 9:10 àárọ̀

Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì. Kóòdù yẹn á ti kú báyìí, kì í pẹ́ láyé. Àmọ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ tó bá a wá fún mi. Kí ni wọ́n ní ó wà fún?

Ìyá Ìbejì Aránṣọ · 9:16 àárọ̀

Wọ́n ní ó wà fún gbígbé áàpù sórí fóònù tuntun. Wọ́n tún kọ ọ́ gàdàgbà pé kí n má fún ẹnikẹ́ni. Mi ò tiẹ̀ kà á débẹ̀, nọ́ńbà ni ojú mi ń wá.

Akọ̀wé Tẹ́lẹ̀rí · 9:21 àárọ̀

Ẹ rí i. Ó fẹ́ gbé áàpù yín sọ́wọ́ ara rẹ̀. Tó bá gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ káàdì mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni kóòdù 911 tí Ìyá Tòmíwá sọ máa wúlò. Ẹ yí password àti PIN áàpù padà kí ẹ tó jẹun. Ẹ lọ pa ohun tẹ́ ẹ kọ sí Facebook rẹ́. Abẹ́ ojú ewé báǹkì ni wọ́n máa ń lúgọ sí, ẹni tó ń sunkún ni wọ́n ń wá.

Nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ kì í ṣe àṣírí. Ti báǹkì ni. Gbogbo káàdì irú kan náà láti báǹkì yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó rí orúkọ báǹkì níbi tẹ́ ẹ kọ̀wé sí, ó mọ nọ́ńbà wọn, ó kà á fún yín bí ẹni pé ó jókòó ti fáìlì yín.

Ọmọ Mọ́kọ́lá · 10:30 àárọ̀

Fún ọjọ́ iwájú, mọ̀mí, ẹ gba káàdì dọ́là orí fóònù, èyí tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Iye tí ẹ fẹ́ ná nìkan lẹ máa kó sínú rẹ̀. Tí ẹ bá rajà tán, ẹ dì í pa.

Ìyá Tòmíwá · 10:44 àárọ̀

Mo ní ọ̀kan, mo sì ti kábàámọ̀ rẹ̀. Owó ṣíṣí, owó ìtọ́jú oṣooṣù, owó kíkó sínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan gbìyànjú láti yọ owó nínú rẹ̀ nígbà mélòó kan tí kò sí owó níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó fún mi ní káàdì náà pa á pátápátá. Èmi ṣí àkáǹtì kékeré kan sọ́tọ̀, ó ní káàdì tirẹ̀. Òfìfo ló máa ń wà. Mo bá fẹ́ rajà, mo ju iye ọjà sínú rẹ̀, ó parí. Owó ọjà àti owó oníbàárà ò gbọdọ̀ sí nínú àkáǹtì tí káàdì rẹ̀ ń rìn lórí ayélujára.

Ọmọ Mọ́kọ́lá · 10:51 àárọ̀

Ìyẹn náà dáa. Ẹ tún wo inú áàpù yín, àwọn báǹkì kan ní ibi tí ẹ ti lè pa òkè òkun nìkan, kí POS àti ATM ṣì máa ṣiṣẹ́. Tèmi, pípa ló máa ń wà.

Bàbá Afẹ̀yìntì · 11:20 àárọ̀

Èmi ò ra nǹkan kan lórí fóònù rí. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ kún ọjà Abẹ́òkúta.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ · 11:34 àárọ̀

Bàbá, ti síìpù tí kì í hàn síta ò kún ibẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Mo ti lọ sí báǹkì. Mo kó í-meèlì tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta dání, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ìgbà tí mo pe "chargeback", ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ gbójú sókè wò mí, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù méjì, mo sì ti gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Wọ́n ní kí n lọ ṣe àfídáfíìtì ní kóòtù pé káàdì mi sọnù. Káàdì tuntun, ₦1,075.

Akọ̀wé Tẹ́lẹ̀rí · 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má búra pé káàdì sọnù. Ó wà nínú báàgì yín. Ìwé ìbúra ni, ẹ má kọ irọ́ sínú rẹ̀ torí pé ó yá akọ̀wé lára. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: káàdì wà lọ́wọ́ yín, ẹlòmíràn lo nọ́ńbà rẹ̀ láìgba àṣẹ yín. Tí ẹ bá ní ó sọnù, wọ́n lè bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ · Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 8:30 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. ₦91,800 ti padà wọlé láàárọ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọn ò sọ nǹkan kan, mo kọ̀wé sí CBN, mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí báǹkì. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí, wọ́n ń pè mí ní "ma" lẹ́nu gbogbo gbólóhùn. ₦1,530 ò tíì dé, mo ń lé e. Olè ni, kékeré kọ́.

Ìyanu ibẹ̀ ni pé ṣọ́ọ̀bù yẹn fi nǹkan ránṣẹ́. Lánàá, àpò kékeré kan dé. Mo já a: abẹ́rẹ́ ọwọ́ mẹ́wàá nínú bébà, irú èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ. Kò sí àlùmọ́gàjí, kò sí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ.

Akọ̀wé Tẹ́lẹ̀rí · 8:41 alẹ́

Mo mọ eré yẹn. Wọ́n fẹ́ ní nọ́ńbà ìfiránṣẹ́ tí wọ́n lè fi han báǹkì pé ọjà dé ọwọ́ yín. Nítorí náà, ẹ̀sùn ₦18,360 yẹn, ẹ yí i padà láti "ọjà ò dé" sí "ohun tó dé kọ́ ni mo rà". Ẹ ya àwòrán abẹ́rẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó tí ẹ rí. Àpò náà ńkọ́? Ẹ má jù ú nù o, ìwé orí rẹ̀ máa ń ní ìwọ̀n ẹrù. Àlùmọ́gàjí pẹ̀lú irin mẹ́ta ò lè fúyẹ́ bí abẹ́rẹ́ mẹ́wàá.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ · 8:58 alẹ́

Àwọn ìbejì ti ń kó bọ́tìnì sínú rẹ̀. Mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ ìwé orí rẹ̀ ò bàjẹ́: 0.02 kg ni wọ́n kọ síbẹ̀.